Irùngbọ̀n Ẹja

Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù ni wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà.
Màmá mi gbọ́, kò gbà.
"Ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ dé ìdí," ni ó wí.
Síbẹ̀ ó jí bàtà dúdú rẹ̀ lójú oorun,
bàtà tí ó wọ̀ gbẹ̀yìn níbi òkú bàbá mi,
ó fi pólíìṣì dán an títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

Valparaíso ń gbọ̀n nínú kùrukùru òkun.
Ìlà gùn dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ń ta ẹ̀pà díndín.
Bàbá arúgbó kan gbé ajá sínú kóòtù,
ajá náà yọ imú síta.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi bi ẹ̀ṣọ́:
"Ẹ ò gbowó wíwọlé. Ó yé mi.
Jíjáde ńkọ́?"
Ẹ̀ṣọ́ náà, Baldomero ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀,
ó ní, "Màmá, jíjáde náà, ọ̀fẹ́ ni."
Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò rẹ́rìn-ín.

Nínú ilé, òórùn káńfọ̀ àti igi àtijọ́.
Egungun àbùùbùtán rọ̀ sókè
bí ọkọ̀ ojú omi tí wọn kò kàn tán.
Rayén, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ń ka eegun ẹ̀yìn rẹ̀,
ó ka á dé ogójì, ó ṣìnà, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Igún ńlá orí òkè Andes na ìyẹ́ tí kò ní fò mọ́.
Labalábá wà lórí abẹ́rẹ́,
àwọ̀ wọn ṣì ń pariwo.
Kìnnìún òkun kan ń fi ojú dígí wò wá;
Rayén kí i, kò dáhùn.
Ó ní, "Bóyá ó ń sùn láìdijú."

Mo wẹ̀yìn. N kò rí màmá mi.

Iwájú àpótí ẹja ni ó wà.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi la ẹja nílé iṣẹ́ kan ní San Antonio;
omi dídì ti gan ìka rẹ̀ méjì, wọn kì í tẹ̀ mọ́.
Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bẹ̀ ẹ́
kí ó má wá mú mi níléèwé mọ́, nítorí òórùn aṣọ rẹ̀.
Kò wá mọ́.

Ó fi imú kan dígí.
"Irùngbọ̀n rẹ̀ dà?"
"Irùngbọ̀n ta ni?"
"Kóńgírío yìí. Fọ́nrán méjì ló wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀,
òun ló fi ń tọ́ ilẹ̀ òkun wò nínú òkùnkùn.
Ẹni tó kì í sínú àpótí yìí kò fọwọ́ kàn án láàyè rí."
Orúkọ Látìn wà lára káàdì, ó gùn bí ìlà ẹnu ọ̀nà.
Irùngbọ̀n ni kò sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró gbọ́. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.
Màmá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò,
na ìka tí kò tẹ̀, ó fi ń la afẹ́fẹ́:
ibí ni ọ̀bẹ ń gbà wọlé,
ibí ni òróòro wà, bí ẹ bá fọ́ ọ, ọbẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.
Baldomero ń bọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lé wa ni.
Ìwé àlejò ló gbé dání:
"Màmá, ẹ kọ ọ́ síbí kí àwọn ọ̀gá lè rí i."

Ìwé kẹta ni màmá mi kà dé.
Ó wo bírò. Ó wò mí.
Mo na ọwọ́; ó gbọ̀n ọ́n dànù.
Kò kọ nǹkan kan. Ó yà á:
orí, ojú, ẹ̀yìn gbọọrọ,
lábẹ́ àgbọ̀n, fọ́nrán méjì tín-ín-rín,
ó tún wọn yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n lè dúdú dáadáa.
Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá: ERMELINDA OYARZO.

Bí a ṣe ń jáde, ó di báàgì rẹ̀ mú,
ó ń yára bí ẹni tí wọ́n lè pè padà.
Nínú bọ́ọ̀sì, Rayén sùn lé e lẹ́sẹ̀.
Mo gbé ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e sí imú mi.
Ọṣẹ. Òórùn ọṣẹ nìkan.
Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti fẹ̀yìn tì.
"Kí lò ń wá níbẹ̀?" ó bi mí.
Mo ní kò sí.